Ẹni Tí Ó Pe Bọ́ọ̀lù Síta

Ní Sátidé kejì nínú oṣù kọkànlá ọdún 2006, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní pápá tẹníìsì kan ní Ẹ̀pẹ́. Àṣekágbá àwọn obìnrin ni. Ẹni tí ó bá borí ni yóò wọ ẹgbẹ́ tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbá tẹníìsì jẹun kí orúnkún mi tó kọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo padà sí yunifásítì, tí mo sì wá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Ìkòròdú. Lópin ọ̀sẹ̀, mo máa ń ṣàlàyé eré fún òǹwòran.

Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tí wọ́n ń gbá a lọ́jọ́ náà, èmi ni mo kọ́ ọ. Ìbẹ̀ṣẹ̀ ni ọmọ náà ti wá. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹja níbẹ̀. Ọdún méje ni ó lò lọ́dọ̀ mi. Nínú oṣù kẹta ọdún yẹn ni ó lọ bá kóòṣì mìíràn, ọkùnrin kan tí mo jù lọ́jọ́ orí, tí kò fi tẹníìsì jẹun rí, ṣùgbọ́n tí ó ní pápá tuntun nínú ẹsíteètì kan. Mo máa ń gba iwájú pápá náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí lójú ọ̀nà mi. Mo gbọ́ níbẹ̀ tí ọmọ náà pè é ní “Dádì.” Kóòṣì ni ó ń pe èmi, láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin náà wá kí mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjókòó. Ẹ bá wa yin ọmọ wa lórí ẹ̀rọ o.”

“Ọmọ wa?”

“Ẹ̀yin lẹ bí i, èmi ni mò ń tọ́ ọ. Ṣé ìyẹn náà di ìjà ni?”

Àwọn tí ó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Bọ́ọ̀lù apá òsì ni ìṣòro ọmọ náà látilẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi tún un ṣe, kò tún. Lọ́jọ́ náà, ó ń gbá a wẹ́rẹ́ bí ẹni ń gbálẹ̀.

Òfin tí mo fi de ara mi ni pé n kò gbọdọ̀ ṣáájú adájọ́ ìlà sọ̀rọ̀. N kò rú u rí. Nígbà tí ó ku àmì kan péré kí alátakò rẹ̀ borí, alátakò náà gbá bọ́ọ̀lù gígùn kan lọ sí ìlà ẹ̀yìn ọmọ náà, lápá òsì. Mo gbọ́ ohùn ara mi nínú ẹ̀rọ: “Síta!”

Ọdún méje ni mo fi kọ́ ọ pé bí mo bá ti ní “Síta,” kí ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Apá rẹ̀ wálẹ̀. Adájọ́ ìlà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀: inú ni. Ọ̀rọ̀ alálàyé kò sí nínú òfin eré. Eré parí síbẹ̀.

Ọmọ náà wá bá mi nídìí tábìlì. Kò kúnlẹ̀.

“Kóòṣì, ohùn yín ni mo gbọ́.”

“Mo rí i pé ó jáde.”

“Ẹ̀yin nìkan lẹ rí i, sà.”

Ọkùnrin náà gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì lọ. Nígbà tí pápá dá, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ìlà náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò láti ìkángun dé ìkángun. Sìmẹ́ńtì ni, bọ́ọ̀lù kì í fi àpá sílẹ̀ lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ya fọ́tò.

Mo mọ̀ pé mo jowú. N kò mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù náà jáde.