Kàǹga Inú Odi

N kò fẹ́ràn ohùn onílé wa ní Sùúrùlérè. Ó ti ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ òkun rí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ju ìlú kékeré kan ní gúúsù Sípéènì lọ: ilé tí wọ́n ń fi ẹfun kùn lọ́dọọdún, ṣọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ́ mọ́sálásí rí, odi àtijọ́ lórí òkè.

Lọ́dún tí gbogbo ọkọ̀ ojú títì ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún, ìyàwó mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Ojoojúmọ́ ni onílé ń wá jókòó tì í.

"Ìyàwó, ogun dó ti odi náà. Kàǹga kan ṣoṣo ni wọ́n ní nínú rẹ̀. Ìyókù di ọ̀la."

"Áà, Bàbá, ẹ má tíì lọ!" Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín sí mi kẹ́yìn.

Mo bá onílé lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, aláìsàn ló wà níbí. Ẹ má wá mọ́."

"Ilé mi náà ni o," ló fèsì. Ṣùgbọ́n kò wá mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó mi bi mí pé, "Ṣé omi kàǹga náà tó wọn?"

Mo ní ó tó wọn. Ó wò mí, ó rí i pé n kò mọ̀, ó kọjú sí ògiri. Ó kú kí oòrùn tó wọ̀.

Ọdún mẹ́rin ni mo tún fi gbé ilé ọkùnrin náà. Òun nìkan ló mọ ìdáhùn, n kò sì bi í.