Ìsinmi Òjò Lórí Yàrá Bàbá

Ìyé ni a ń pe ìyá nílé wa ní Oǹdó. Òun ló pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù keje pé omi ń kán sórí Bàbá.

Bàbá ti kú tipẹ́. Inú yàrá rẹ̀ la sin ín sí, nínú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, a sì fi sìmẹ́ńtì mọ orí sàréè náà ga díẹ̀ ju ilẹ̀ yàrá lọ, bí ìjókòó. Mo mọ èyí dáadáa. Síbẹ̀, nígbà tí Ìyé wí pé "orí Bàbá yín", sìmẹ́ńtì kọ́ ni mo rí. Orí ni mo rí, orí pẹ̀lú irun funfun, tí omi ń kán sí lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mo ti gbé abọ́ síbẹ̀," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ó ń dún. Ó ń dún bíi pé ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn láti inú."

Mo ní kí ó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Àkúrẹ́ títí òjò ọdún yìí yóò fi lọ. Ó fi mí rẹ́rìn-ín.

"Kí n fi wọ́n sílẹ̀ nínú omi? Ìwọ náà gbọ́ ohun tó o sọ."

Káfíńtà àdúgbò gun òrùlé lọ wò ó. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ igi tó ti di ìyẹ̀fun. Ikán ti jẹ igi òrùlé láti yàrá Bàbá títí dé yàrá Ìyé tó kọjú sí i. Páànù náà ti dógùn-ún, ó ti lu bí asẹ́.

"Ìṣó ló kù tó di ilé yìí mú, Màmá," ni ó sọ fún Ìyé. "Ìṣó àti àdúrà yín."

Ògiri amọ̀ ni ògiri ilé wa, sìmẹ́ńtì tín-ín-rín la fi rẹ́ ẹ lára. Bí omi bá wọ inú irú ògiri bẹ́ẹ̀ láti òkè, kì í kìlọ̀ kó tó wó. Òjò oṣù kẹsàn-án sì máa ń le lọ́dọ̀ wa. Òrùlé yẹn kò lè gbé e, a kò sì lè dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Àyè kan ṣoṣo ló wà fún wa: ìsinmi òjò inú oṣù kẹjọ, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì, tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ kó tó padà dé pẹ̀lú agbára.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Iṣẹ́ ìṣirò ni mo ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n òjò ni ìfẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, kò sẹ́ni tó rán mi. Mo ní òṣùwọ̀n òjò, ike tó ń gba omi òjò kí n lè wọn ọ́n, lẹ́yìnkùlé mi. Mo gbé e jìnnà sí ògiri àti sí igi ọsàn, kí omi orí ewé má baà ta sí i. Mo fi irinṣẹ́ bíríkìlà wò ó títí ẹnu rẹ̀ fi tẹ́jú pẹrẹsẹ. Àárọ̀ ni mo máa ń kà á, kí n tó wẹ̀. Aládùúgbò mi kan, oníṣòwò aṣọ tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, máa ń yọrí lókè ògiri kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọ̀gá olómi, ṣé wọ́n ti sanwó oṣù yín lọ́run?"

Mo tún wá àkọsílẹ̀ òjò ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti Àkúrẹ́ àti ti Oǹdó, láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kíyè sí. Wọ́n rò pé bí òjò bá ń sinmi, oòrùn ló yẹ kó máa ràn. Kò rí bẹ́ẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Ìgbà ìsinmi òjò gan-an ni oòrùn máa ń ṣọ̀wọ́n jù. Ìkùukùu pẹlẹbẹ á bo ojú ọ̀run bí ọmọrí ìkòkò, afẹ́fẹ́ tútù á máa fẹ́ wá láti ìhà òkun, àwọn èèyàn á máa wọ súwẹ́tà lọ́sàn-án. Ilẹ̀ kì í gbóná nígbà náà, nítorí náà ooru kì í ru sókè, ìkùukùu kì í sì í ga. Ohun tó lè bọ́ sílẹ̀ látinú rẹ̀ kì í sábà ju wínníwínní lọ. Ọjọ́ tí oòrùn bá ya ìkùukùu náà, tó sì mú ganrínganrín, ọjọ́ yẹn ló yẹ ká bẹ̀rù. Ilẹ̀ á gbóná, ọ̀rinrin á ru lọ sókè, ìkùukùu á máa ga bí òkè Ìdànrè, nígbà tó bá sì di ọ̀sán, àrá á dé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òjò ló ń dẹ́rù bà mí jù nínú àkọsílẹ̀ náà. Bí a bá kó òjò ọdún púpọ̀ pọ̀ tí a pín in dọ́gba, ọdún kan á jáde lórí ìwé tó mọ́ tónítóní: òjò á máa pọ̀ sí i, á sinmi, á tún pọ̀, á sì lọ. Mo wá ọdún yẹn láàárín gbogbo ọdún tó wà níbẹ̀, n kò rí i. Kò sẹ́ni tó gbé inú rẹ̀ rí. Nínú ọdún kan, ìsinmi náà pẹ́ débi tí àgbàdo fi gbẹ; nínú òmíràn, kò tilẹ̀ wá. Bí mo bá ń wo ọdún tí kò sí yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi pé mò ń wo fọ́tò ẹnì kan tó jọ gbogbo mọ̀lẹ́bí, tí kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Mo tún máa ń yà síbi ọdún tí Bàbá kú. Oṣù kẹjọ ni. Ìyé ṣì máa ń sọ pé eruku ni àwọn tó gbẹ́ sàréè náà gbẹ́, pé wọ́n ń húkọ́. Àkọsílẹ̀ náà kò jiyàn: òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò rọ̀ lọ́jọ́ kejì. N kò mọ ohun tí mò ń wá níbẹ̀ tí mo fi ń padà lọ wò ó.

Nígbà tí oṣù kẹjọ wọlé, tí òtútù dé, mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo lọ sí Oǹdó. Ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀. Mo bá káfíńtà àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ níwájú ilé, wọ́n káwọ́ mọ́ àyà, wọn kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Ọ̀gá, ẹ wo òkè," ni káfíńtà wí. "Ọjọ́ ṣú báyìí, ẹ ní kí n ṣí ilé? Ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ ná."

"Bí oòrùn bá yọ ni kí ẹ má ṣí i."

Ó yíjú sí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ gbọ́ o! Ìwé ti pọ̀ jù lórí ọ̀gá. Láti òní lọ, inú òjò ni kí ẹ máa sá aṣọ yín sí, kó lè tètè gbẹ."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo dúró títí wọ́n fi rín in tán.

"Láti ìgbà tí òtútù yìí ti dé, ṣé àrá ti sán?"

Ó ronú díẹ̀. "Kò sán."

"Ṣé òjò ńlá ti rọ̀?"

"Kò rọ̀. Ṣùgbọ́n pé kò rọ̀ lánàá kò ní kó má rọ̀ lónìí, ọ̀gá."

Òótọ́ ni ó sọ. Ìgbà náà ni Ìyé jáde síta, ó fi ìró kejì bo èjìká.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ta ni omi ń kán sí lórí nínú ilé yìí?"

Ó yíjú wo inú ilé lẹ́yìn rẹ̀.

"Kì í ṣe èmi. Ẹ ṣí ti Bàbá wọn bí ọmọ mi ti wí. Ẹ fi tèmi sílẹ̀ di ìgbà tí oòrùn yín bá yọ."

Nílé wa, a kì í ṣí òrùlé lórí olóògbé láì sọ fún un. Ìyé kọ́kọ́ gbàdúrà lórúkọ Jésù, gbogbo wa ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé sìmẹ́ńtì náà.

"Ẹ má bínú o. A fẹ́ ṣí orí yín. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí yín lára díẹ̀. Ọmọ yín ló ní òjò kò ní rọ̀. Bó bá rọ̀, òun ni kí ẹ bi."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Páànù àkọ́kọ́ han gooro bó ṣe ń kúrò lára ìṣó. Ìmọ́lẹ̀ wọ inú yàrá náà láti òkè, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ eérú tí kò ní òjìji, ó sì hú ohun gbogbo jáde. Mo rí ibi tí aṣọ Bàbá máa ń kọ́ sí lára ògiri, tó funfun ju ìyókù lọ. Mo rí àbàwọ́n òróró níbi tó máa ń fi orí tì bó bá ń gbọ́ rédíò. Ọdún mélòó ni àmì wọ̀nyí ti wà nínú òkùnkùn, tí wọ́n ń dúró? Ìyé dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Bàbá yín ń wo ọ̀run," ni ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́.

Wínníwínní bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Káfíńtà dúró lórí igi, ó wò mí láti òkè. Mo ń wo bí sìmẹ́ńtì náà ti ń yọ àmì tóótòòtó bí ara ẹni tó ń làágùn. Kò pẹ́ tó fi dáwọ́ dúró. Kí ọjọ́ tó rọ̀, igi tuntun ti wà lókè, páànù tuntun ti bò ó, yàrá Bàbá sì tún ṣókùnkùn.

Mo padà sí Àkúrẹ́. Káfíńtà kò padà wá ṣe yàrá Ìyé. Lójoojúmọ́ ló ń wo òkè, tó ń sọ fún Ìyé pé ọjọ́ kò tíì dára. Lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan, oòrùn yọ. Ní ọ́fíìsì wa inú gbogbo èèyàn dùn. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tó wá láti Ọ̀wọ̀ bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run gba ọpẹ́. Èmi jáde síta, mo wo ìhà Oǹdó. Ìkùukùu funfun ti ń gun ara wọn lórí níbẹ̀ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Mo pe Ìyé.

"Káfíńtà ti dé," ni ó wí, inú rẹ̀ dùn. "Ṣé o rí oòrùn? Wọ́n ti ń yọ páànù tèmi."

"Ìyé, ẹ ní kó dá a padà."

"Kó dá a padà sí ibo? Wọ́n ti já igi sílẹ̀."

Mo pe káfíńtà, kò gbé e. Orí òrùlé ló wà. Mo gbé mọ́tò. Ní Òwéna lójú ọ̀nà ni òjò náà ti pàdé mi, n kò rí ọ̀nà mọ́, mo sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú àwọn mọ́tò yòókù, gbogbo wa tan iná. Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti ń gbọ́ páànù yàrá Ìyé, tí kò sí níbẹ̀ mọ́, tó ń dún.

Nígbà tí mo dé ilé, oòrùn ti tún ń ràn bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ògiri yàrá Ìyé ti dùbúlẹ̀ sínú àgbàlá. Amọ̀ pupa ń ṣàn lọ sínú gọ́tà, bẹ́ẹ̀dì Ìyé wà lábẹ́ apá tó wó sínú. Káfíńtà káwọ́ lérí.

"Ọ̀gá, a kò ráyè. Ọ̀rá tí a fi bò ó, afẹ́fẹ́ gbé e lọ bí ewé."

"Ìyé dà?"

Ó nàka sí yàrá Bàbá.

Orí sàréè ló jókòó lé, ó ki ọwọ́ bọ àárín itan. Ibẹ̀ gbẹ táútáú. Omi kò kán síbẹ̀ rárá.

"Nígbà tí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í dún," ni ó wí, "mo sá wọlé tọ̀ wọ́n. Wọ́n sún fún mi."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, bí òun náà ti dúró níjọ́sí. Ó wò mí, ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Nígbà ayé wọn náà ńkọ́? Yàrá tiwọn ni kì í jò."

Ọjọ́ kejì, ìkùukùu pẹlẹbẹ tún padà, òtútù dé, òjò kò sì rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ìsinmi òjò wá bí àkọsílẹ̀ ti wí, lórí ògiri tó ti wó. Kò sí ibi tí Ìyé lè sùn mọ́, ó gbà láti bá mi lọ sí Àkúrẹ́. Nínú mọ́tò, nígbà tí a kọjá Òwéna, ó bi mí léèrè.

"Àkọsílẹ̀ rẹ yẹn, ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀, ṣé wọ́n máa ń kọ ọ́?"

"Wọ́n máa ń kọ ọ́, Ìyé. Òdo ni wọ́n ń kọ."

"Ìyẹn ni pé ẹnì kan ṣì ní láti lọ síbẹ̀ lọ wò ó."

"Lójoojúmọ́."

Ó wo ìta fèrèsé. "Ó dáa. Bá mi máa lọ wo Bàbá yín."

Láti ìgbà náà, mo máa ń lọ ní Sátidé. Òjò oṣù kẹsàn-án ti dé, ó ń rọ̀ gan-an. Mo máa ń ṣílẹ̀kùn, mo máa ń fọwọ́ ba sìmẹ́ńtì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo máa ń wo igi òkè. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì pe Ìyé láti àgbàlá.

"Òdo, Ìyé. Kò kán rárá."

Mo ń gbọ́ òjò Àkúrẹ́ lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Ṣé o kí wọn?"

N kò kí wọn. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, mo padà wọlé.