Àjẹ̀ Kékeré Lẹ́nu Ẹ̀rọ Omi Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká tí gbogbo ọmọ àdúgbò ń pè mí ní akáyín, wọ́n gbé mi sọ sínú dúrọ́ọ̀mù kan ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi tí ẹ ń fà lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Ìgbògbò níbí yìí náà ni. Ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ wà lọ́wọ́ mi, bí mi ò bá sì wọ inú dúrọ́ọ̀mù yẹn lọ́jọ́ náà, wọn ì bá ti gbé ìyá bàbá mi lọ sí Èkó tipátipá.

Bàbá mi a máa kan ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà. Iṣẹ́ tí ó fi ń bọ́ wa nìyẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ wà lábẹ́ àtíbàbà páànù kan lẹ́yìn ilé ìdáná wa. Ẹ wá wo ẹrù níbẹ̀! Ayùn tí eyín rẹ̀ kò pé bí tèmi, òòlù tí orí rẹ̀ máa ń fò kúrò lára igi, wáyà lóríṣiríṣi, rédíò tí wọ́n ti tú ìfun rẹ̀ síta, àti sípánà kan ṣoṣo tí ẹnu rẹ̀ ti ya. Ohunkóhun tí ó bá bàjẹ́ nínú ilé wa, bàbá mi kò ní jẹ́ kí ó jáde lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́. Ó fa wáyà láti ara bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù wọ ilé ìdáná nígbà kan kí ìyá mi lè máa ríran se oúnjẹ alẹ́. Gílóòbù náà tàn yòò, a pàtẹ́wọ́, àfi pò! Gbogbo àfọ́kù rẹ̀ dà sínú ìkòkò ọbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti sọ pé wáyà kò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná òun mọ́, bàbá mi sì kó gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ lọ sórí omi.

Ọ̀rọ̀ omi yìí kì í ṣe eré rárá. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ni ó fà á. Obìnrin tí ó ti fi ọkọ̀ ná ọjà Èjìrín títí irun fi funfun lórí rẹ̀ ni, tí ó mọ ọ̀sà bí ẹni mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n làkúrègbé ti wọ inú ìka ọwọ́ rẹ̀, ó wọ́ wọn kókó-kòkò, kò sì lè gbé kẹ́tùlù àlùwàlá mọ́. Bí a bá ní kí a bá a bu omi, a bínú. Ó ní láti ìgbà tí òun ti mọ ìrun kí, kò sẹ́ni tí ó wẹ ẹsẹ̀ fún òun rí àfi ìyá tó bí òun. Ó wá gbé kẹ́tùlù náà tipátipá ní ìdájí ọjọ́ kan, kẹ́tùlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó já lé e lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ sì wú.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ó ń gbé ní Èkó wá wò ó. Ènìyàn dáadáa ni, àmọ́ bí ó bá ti pinnu nǹkan, ó ti parí. Ó ní ẹ̀rọ omi wà nínú balùwẹ̀ òun, oṣù ààwẹ̀ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kí Ìyá Àgbà di ẹrù rẹ̀ kí òun máa mú un lọ. Ìyá Àgbà kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ọkọ̀ ni àwọn baba wa wọ̀ kúrò ní Èkó wá sí Ẹ̀pẹ́. Wọn ò sọ fún wa pé àwọn gbàgbé nǹkan kan síbẹ̀."

Gbogbo wa fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Ìyá Àgbà, ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, nítorí lórí ẹní rẹ̀ ni mo ń sùn.

Bàbá mi wá rọra bèèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ̀rọ omi bá wà nínú ilé yìí ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó ní ẹ̀rọ omi wo, ṣé irú èyí tó fọ́ sínú ọbẹ̀ nìyẹn? Síbẹ̀ ó gbà, ó ní òun ń padà bọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó ṣáájú oṣù ààwẹ̀. Bí òun bá fi ojú ara òun rí i kí màmá ṣe àlùwàlá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí pé ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́, òun nìkan ni yóò padà sí Èkó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ẹnikẹ́ni má bá òun jiyàn.

Ha, ẹ̀yin ọmọ mi, ilé wa gbóná! Bàbá mi wá dúrọ́ọ̀mù kan tí wọ́n fi ń gbé epo pupa, ìyá mi fi eérú àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí apá fi ń ro ó. Bàbá mi to àwọn pákó ọkọ̀ àtijọ́ lórí ara wọn, ó gbé dúrọ́ọ̀mù lé e, ó fi ṣíṣẹ́lì lu ihò sí i nísàlẹ̀, ó sì ti páìpù irin bọ̀ ọ́. Páìpù náà gba ara ògiri kọjá sí ibi àpótí tí Ìyá Àgbà máa ń jókòó lé ṣe àlùwàlá. Ibẹ̀ ni ó de ẹnu ẹ̀rọ mọ́, irú èyí tí èèyàn ń ti irin orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí omi tó yọ. Ó wá ronú sí ìka ìyá rẹ̀. Ó gbẹ́ igi kékeré kan bí àjẹ̀ tí a fi ń wa ọkọ̀, ó kàn án mọ́ irin náà, kí ó lè máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ lásán tì í. Èmi kò tíì rí nǹkan tí ó wù mí tó àjẹ̀ kékeré yẹn rí láyé mi.

Àwa ọmọ pọn omi láti inú kànga, a dà á sí i. Omi kò tilẹ̀ dé ẹnu ẹ̀rọ. Ibi tí páìpù ti wọ inú dúrọ́ọ̀mù ni gbogbo rẹ̀ gbà jáde.

Bàbá mi kò mikàn. Kí ni a fẹ́ fi jíjò dẹ́rù ba ẹni tí ó ń kan ọkọ̀? Ó mú òwú, ó rì í sínú ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń kun ìdí ọkọ̀, ó sì fi ṣíṣẹ́lì gbá a wọ etí ihò náà láti ìta, bí ó ti ń dí ọkọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. A tún pọn omi. Omi tu òwú náà dànù bí ẹni tu èèpo àgbàdo. Ó dí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún tu ú. Bí a ti ń pọn ni ó ń jò, títí ẹ̀yìnkùlé fi di ẹrẹ̀ tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ aládùúgbò wa sì kó wá, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń dúpẹ́. Bàbá mi kò jẹun dáadáa mọ́. Ó ń sọ ọ́ ṣáá pé òun ti dí ọkọ̀ tó ń kó ènìyàn gba orí ọ̀sà kọjá, kí ni dúrọ́ọ̀mù lásán jámọ́?

Òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ pé. Bàbá mi tún ti mú òwú lọ́wọ́. Ìyá Àgbà, tí ó ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí wá, pè é láti orí àpótí rẹ̀.

"Níbo ni omi ti ń ti ọkọ̀?"

Bàbá mi ní láti ìta ni.

"Dúrọ́ọ̀mù yìí ńkọ́?"

Bàbá mi dúró. Ó wo dúrọ́ọ̀mù, ó wo òwú ọwọ́ rẹ̀, ó sì jókòó sínú ẹrẹ̀ gbọ̀ọ̀. Ọkọ̀ ni ó ti ń dí látọjọ́ yìí! Bí a bá dí ọkọ̀ láti ìta, omi ọ̀sà fúnra rẹ̀ ni yóò máa ti òwú náà wọlé kí ó le. Ṣùgbọ́n omi dúrọ́ọ̀mù ń bọ̀ láti inú. Ohun tí bàbá mi ń fi sí ìta, omi kàn ń tì í ṣubú ni. Ìyá Àgbà ní, "Lọ dí i níbi tí omi wà. Òun náà á bá ọ dì í mú." Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín, àwa náà bú sẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín, mo ṣáà mọ̀ pé inú mi dùn.

Wéré, ó gé rọ́bà tíúbù ọkọ̀ akẹ́rù ní roboto, ó wá nọ́ọ̀tì ńlá méjì tí yóò fún rọ́bà náà mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta. Wàhálà wá dé. Bí ẹni ìta bá ń yí tirẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ di tinú mú kí wọ́n má jọ yí. Sípánà kò ju ẹyọ kan lọ, èjìká bàbá mi kò sì gba ẹnu tí ó gé sí orí dúrọ́ọ̀mù. Àbúrò mi ọkùnrin ti sá lọ sẹ́yìn ìyá mi. Kí wọ́n tó wò mí, mo ti ń ká aṣọ mi sókè.

Ìyá mi sáré lọ yá ẹ̀mú lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, wọ́n sì gbé mi sọ sínú dúrọ́ọ̀mù. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó gbóná, ó ń rùn bí epo pupa, ohùn mi sì ń padà wá bá mi bí ohùn ẹlòmíràn. Mo fi ẹ̀mú gán nọ́ọ̀tì náà. Bàbá mi ń yí láti ìta, gbogbo ara mi ń gbọ̀n tẹ̀lé e. Ẹ̀mú yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó bó mi ní àtàǹpàkò, mo tún gán an. Mo ń gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà nítòsí pé kí n má jẹ́ kí ó yí, kí n fi ẹsẹ̀ ti ara dúrọ́ọ̀mù. Ibi tí a dé nìyẹn tí mo gbọ́ fèrè mọ́tò níwájú ilé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọlé, ó bèèrè ta ló wà nínú dúrọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin ọmọ mi, a ti kọ́ wa nílé. Mo kúnlẹ̀ kí i nínú dúrọ́ọ̀mù níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí mi, n kò sì fi ẹ̀mú sílẹ̀.

Wọ́n fà mí jáde, mo pupa bí ẹni bọ́ sínú agbada àkàrà. Gbogbo ilé pọn omi, títí kan dẹ́rẹ́bà tí ó wa ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá. Omi ń gùn nínú dúrọ́ọ̀mù. Bàbá mi fi àtẹ́lẹwọ́ sí abẹ́ ihò náà, ó fi í síbẹ̀ pẹ́, lẹ́yìn náà ni ó gbé ọwọ́ sókè hàn wá. Ó gbẹ.

Ìyá Àgbà jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó ṣe bísímílà, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti àjẹ̀ kékeré náà. Ẹ̀rọ húkọ́, ó tu omi pupa bíi ti ìpẹtà, ó sinmi, lẹ́yìn náà ni omi mímọ́ dà wá ṣọ̀ọ̀. Ó fọ ọwọ́, ó yọ ẹnu, ó fín imú, ó bọ́ ojú, ó wẹ apá, ó pa orí àti etí, ó wẹ ẹsẹ̀ tí ó wú àti èyí tí kò wú. Kò yára rárá. Mo ní kí n pariwo, ìyá mi di ẹnu mi mú.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dúró títí ó fi parí. Ó wá ṣí fìlà, ó ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó sì wí jẹ́jẹ́ pé, "Màmá, ẹ sún fún mi díẹ̀. Ìrun Jímọ̀ ti fẹ́ tó." Ìyá Àgbà sún, ó ní, "Rọra tì í o. Àjẹ̀ mi nìyẹn."

Bàbá mi wọ abẹ́ àtíbàbà rẹ̀ lọ, ó ní òun ń wá òòlù. Òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ayé ti yí padà. Ní Ìgbògbò níbí lónìí, táǹkì wà lókè ilé, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ á fa omi láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Páìpù ti di oníke, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀rọ bá jò, ẹ ó fi fóònù pe oníṣẹ́, yóò yọ ti àtijọ́ sọnù, yóò fi tuntun síbẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ayé ìjọ́sí ló dára jù. Ta ló fẹ́ tún máa pọn omi? Ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn bí mo bá rí ilé tí ohun èèlò ti bàjẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sì tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó kí ó bi í léèrè ohun tó ṣe é.

Làkúrègbé ti wọ ìka tèmi náà báyìí, ẹ ṣáà ń rí i. Ẹ̀rọ balùwẹ̀ mi roboto, ó ń yọ̀, n kò lè yí i mọ́. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin, ìyá yín, ní kí n di ẹrù, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Lẹ́kì, ó ní tibẹ̀, bí èèyàn bá kàn na ọwọ́ sí i, omi á dà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo pe ọmọ ọmọ mi kan nínú yín, èyí tí kì í fi nǹkan sílẹ̀ láìtú u, mo ní kí ó lọ ra ẹ̀rọ onírin-títì wá, kí ó sì bá mi gbẹ́ igi kan bí àjẹ̀ mọ́ ọn. Ó ti kàn án. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í ní ìdájí òní, omi sì dà.

Kí ẹ bá mi sọ fún ìyá yín. Èmi náà ò gbàgbé nǹkan kan sí Lẹ́kì.