Àmì Funfun Ara Ẹ̀rọ Táípù

Títí di òní, bí mo bá rántí bébà yẹn, àyà mi ṣì ń já. Odindi ojú ewé kan ni mo tẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbójú sókè, bébà funfun báláú! Kò sí ẹyọ lẹ́tà kan níbẹ̀.

Ìdánwò iṣẹ́ ni, ní ọ́fíìsì kan nísàlẹ̀ Mápó. Bàbá mi, tó ń ṣe bàtà awọ ní Àrẹ̀mọ, ti sọ ọ́ láì fepo bọyọ̀ pé bí n kò bá rí iṣẹ́ yìí, ilé ọkọ ló kàn. Tíṣà tó kọ́ wa ní táípù ní Bẹẹrẹ máa ń fi aṣọ bo ọwọ́ wa, ojú ò sì gbọdọ̀ kúrò lára ìwé tí à ń wò kọ. Ó kọ́ wa ní bọ́tìnnì tó ń sọ lẹ́tà di ńlá, àti èyí tó ń dáni padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n irin kékeré kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tó ní àmì dúdú, pupa àti funfun. Ti ẹ̀rọ tirẹ̀ ti kán tipẹ́, alágídí ọkùnrin náà ò sì sọ fún wa pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà!

Ọ̀gá ọ́fíìsì wo bébà, ó wò mí. "Ṣé eré lo wá ṣe níbí ni?" Ó lé mi jáde tòun ti bébà náà. Mo sunkún délé.

Bàbá mi, tí kò ka ìwé òyìnbó rí, gba bébà náà, ó fi àtàǹpàkò ra á lójú. "Nǹkan wà níbí, ó tẹ̀ wọnú." Ó ki ìka bọ èédú lílọ̀ tó fi ń kun awọ, ó rọra fi pa á. Yéè! Lẹ́tà mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, funfun nínú dúdú.

Lọ́jọ́ kejì ó fà mí padà lọ sí ọ́fíìsì náà tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ẹnu ya ọ̀gá nígbà tó rí bébà náà. Ó lọ wo ẹ̀rọ: ẹnì kan ti yí irin náà sí àmì funfun kí n tó dé, níbi tí tàdáwà kì í ti í kan bébà.

"Ẹ kà á," Bàbá wí.

Ó kà á sókè, látòkè délẹ̀.

"Ṣé ó pé?"

"Ó pé, sà."

Sà kẹ̀! Ẹni tó lé mi bí ajá lánàá! Mi ò tíì mí tán tí Bàbá, tó ti ń wá ọkọ fún mi, fi wo yàrá náà yí ká.

"Ibo ni ọmọ mi máa jókòó sí?"