Àyà Tó Ń Ṣàsọdùn

"Àyà kì í parọ́, àsọdùn ló máa ń ṣe." Ọ̀rọ̀ ẹnu nọ́ọ̀sì kan ní Pápá Àjàó nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí àyà ríro gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ti fi aṣọ tí wọn yóò fi sin mí han ìyàwó mi. Wọ́n yẹ̀ mí wò dáadáa, ọkàn mi ò ní àrùn. Nọ́ọ̀sì náà wá fa àga sún mọ́ mi, bó ṣe máa ń ṣe fún aláìsàn.

"Bọ̀dá, kí lẹ fẹ́ ṣe lọ́la?"

"A fẹ́ tọrọ ìyàwó fún ọmọ wa, èmi ni agbẹnusọ."

"Ẹ kí mi bí ẹ ṣe máa kí wọn."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sọ̀rọ̀ títí. Nígbà tí mo máa dákẹ́, àyà ò ro mí mọ́.

"A ti fún yín níyàwó," ó ní. "Ẹ dìde, ẹlòmíì ń dúró."