Bí Ẹ̀rù Mi Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Tú Gáà Ká

Èmi ni mo pa irọ́ ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ pa á, ẹnu mi kàn tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́ mi lọ́dọ̀ dókítà ẹran ní Ọ̀yọ́ kò ju kí n gbé kúlà abẹ́rẹ́, kí n sì di ìwo màlúù mú. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Màlúù kò bèèrè sátífíkéètì. Lọ́jọ́ yìí, dókítà ní kí n ṣáájú lọ sí gáà Alhaji Búbà lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Gáà ni ibùdó àwọn Fúlàní darandaran. Ìròyìn ajínigbé sì ni rédíò ń kà fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Bí mo ṣe yọ lábẹ́ igi kajú báyìí, bí ogún ọkùnrin ló ń sáré bọ̀, ọ̀pá lọ́wọ́ wọn, ariwo lẹ́nu wọn.

Mo ju kúlà nù. Ọlọ́kadà tó gbé mi wá kò tíì yí orí ọ̀kadà padà tí mo ti fi ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀. Mo dé iwájú ilé Baálẹ̀ ní abúlé tó wà nítòsí, mo figbe ta: "Fúlàní ń bọ̀ o!"

Kí n tó mí délẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ti kó àdá, kẹrosíìnì àti ìṣáná.

"Òní ni wọ́n máa kúrò nílẹ̀ wa! A máa sun gáà yẹn ni!"

Ibẹ̀ ni Alhaji Búbà ti yọ, òun nìkan, ó ru kúlà mi sórí.

"Baálẹ̀, ẹ kú ọ̀sán o. Bàbá Alábẹ́rẹ́ yìí gbàgbé ẹrù. Màlúù là ń sáré dà jọ dè é, ló bá sá."

Gbogbo ojú yí sí mi. Bí mo bá dákẹ́, gáà á jó. Bí mo bá sọ̀rọ̀, èmi ni wọn yóò lù. Mo kúkú dọ̀bálẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni ò lé mi, Baálẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ojo ọkùnrin!" Ọ̀dọ́ kan tutọ́ sílẹ̀. "Kí wọ́n ṣáà máa lọ náà! Màlúù ta ló jẹ ẹ̀gẹ́ mi lésìí?"

Alhaji sọ kúlà kalẹ̀. "Ibí yìí ni wọ́n bí bàbá mi sí. Níbo ni kí n lọ?"

Baálẹ̀ gba ìṣáná lọ́wọ́ ọ̀dọ́ náà, ó fi sápò.

"Màlúù tó jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ ní ẹni tó ni ín. Mú orúkọ rẹ̀ wá, a ó dá ẹjọ́ rẹ̀. Ọ̀daràn là ń mú lábúlé yìí, a kì í mú gáà."