Okùn Ẹnu Bàlúùnù: Fún Tíṣà Fákúnlé

Háà, Tíṣà Fákúnlé, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe lọ ní tòótọ́? Ọmọ Èkìtì tó fi òkè sílẹ̀ wá di baba fún ọmọ apẹja, olùkọ́ tí kì í purọ́ fún ọmọdé, ilẹ̀ mọ́ lónìí, a ò gbọ́ ohùn yín.

Ìgbà ìjọba ológun lẹ dé ilé ẹ̀kọ́ wa létí ọ̀sà Àgbádárìgì, nígbà tí agolo mílíìkì òfìfo pọ̀ nílé ju mílíìkì lọ. Ẹ fi igi kan àti agolo méjì ṣe òṣùwọ̀n, ẹ so ó rọ̀ mọ́ àjà. Ojoojúmọ́ lẹ ń sọ fún wa pé: "Ohun tó yí padà kò sọnù. Bí ìwọ̀n bá dín, ẹ wá ibi tó gbà jáde."

Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ tí alábẹ̀wò ìjọba wá fagi lé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì wa nítorí pé a kò ní irinṣẹ́. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ kọ́ ọ yóò máa lọ sí Ìjànikin, ibẹ̀ sì jìn sí wa. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó wo kíláàsì kan péré. Ẹ bu omi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìgò oògùn, ẹ rọ kaun lílọ̀ sínú bàlúùnù, ẹ fi wọ ẹnu ìgò, ẹ ní kí n so ó. Ẹ gbé e sínú agolo kan, ẹ bu iyanrìn sí ìkejì títí wọ́n fi dọ́gba, ẹ sì sọ fún alábẹ̀wò pé kò sí ohun tó máa sọnù. Ẹ gbọn kaun sínú ọsàn, ó hó, bàlúùnù wú. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, tí agolo ìgò sì ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀.

Alábẹ̀wò ṣí bírò rẹ̀. "Tíṣà, ó ti sọnù nìyẹn."

Ẹ kò dọ́gbọ́n bu iyanrìn kúrò. Ẹ ní, "Rárá, sà. Ó jáde ni. Ẹ jẹ́ ká wá ibi tó gbà." Ẹ ki ọrùn ìgò bọ inú garawa omi, ìfófó sì ń yọ nídìí okùn. Ẹ ní, "Ìsokùn mi ni kò dára tó." Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ẹ so ó lẹ́ẹ̀mejì. Bàlúùnù wú, igi náà kò mì. Alábẹ̀wò dé bírò rẹ̀, wọn kò sì fagi lé ẹ̀kọ́ wa mọ́.

Kì í ṣe ìsokùn yín, sà. Tèmi ni. Nílé wa, a kì í so ẹrù ẹja yíyan há, kí atẹ́gùn lè máa wọ̀ ọ́. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi láti so ẹja ni mo ṣe so bàlúùnù. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ẹ bi mí pé, "Sènámí, báwo lẹ ṣe ń di ẹja nílé yín?" Mo ṣàlàyé, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ kò sì sọ ọ́ mọ́ láé. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n tọrọ àforíjì nígbà náà; nígbà tí mo dàgbà, ìtìjú ni. Ẹ forí jì mí. Ó dùn mí pé inú ìwé ìsìnkú yín ni mo ti ń sọ ọ́.

Èmi náà ti di olùkọ́ kẹ́místírì. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ìròyìn ikú yín, mo ṣì wọ kíláàsì, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bíi pé ayé ti fúyẹ́ níbì kan. Ọmọbìnrin kan so bàlúùnù, okùn rẹ̀ tú, ó sì ń wò mí tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti sọ pé, "Ìsokùn mi ni kò dára tó."

Ẹ sùn re o, Tíṣà mi. Ẹ kò sọnù; mo ti rí ibi tí ẹ gbà.

Sènámí, ọmọ ẹlẹ́ja